Ẹsẹ̀ Tí Kò Dùn Mí

Òfin kẹrin nínú ìwé líìgì wa nígbà náà, mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí:
"Gbogbo ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀
gbọ́dọ̀ gbá ààbọ̀ eré, ó kéré tán,
àfi èyí tí ara rẹ̀ kò bá yá."

Kóòṣì Fátúyì ka gbólóhùn tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ká ìwé náà, ó fi gbá mí léjìká pẹ́pẹ́,
ó ní, "Rópò, ọmọ dáadáa ni ọ́.
Orúnkún rẹ ń dùn ọ́, àbí?"

Kò dùn mí.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo ti fi ẹfun kun bàtà mi,
mo ti jí nígbà tí kùrukùru ṣì bo òkè Ìlawẹ̀ lójú,
mo ti sọ fún ìyá mi pé kó wá wò mí.
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ń dùn mí."

"Èwo?" ni rẹfirí bi mí.
A ò tíì fẹnu kò sí ìyẹn.
Mo nawọ́ sí ti òsì.

Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ńṣì nìyẹn
pẹ̀lú báńdéèjì tí kò sí egbò lábẹ́ rẹ̀.
A na Ìgbàrà-Odò, mẹ́ta sí òdo.
Wọ́n gbé Kóòṣì sọ́rùn yí pápá ká.
Ó fún mi ní ọsàn méjì;
àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ orúnkún kì í parí lórí pápá?
Ìyá mi rí mi lẹ́bàá ọgbà, ó káwọ́ lérí:
"Ọmọ mi, rọra o. Máa bọ̀ ní ulé."
Dandan ni kí n tiro délé.
Ọjọ́ mẹ́fà ló fi omi gbígbóná jó o, tó fi òrí pa á,
tó ń gbàdúrà sí i,
èmi ń ka páànù òrùlé.
Lọ́jọ́ kẹta mo gbàgbé, mo tiro ẹsẹ̀ ọ̀tún.
Ó rí i.
Kò sọ nǹkan kan. Ó yí ọwọ́ padà,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ti ọ̀tún.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá.
Tèmi kò sáré. Ó ń tiro ni.
Ó sì ti lé lógún ọdún,
n kò tíì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

Èmi náà ni kóòṣì báyìí, ẹ má rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ti fi kún ìwé òfin: kóòṣì kò gbọdọ̀ bú ọmọ,
kò gbọdọ̀ kọjá ìlà ẹfun,
kò gbọdọ̀ na ìka sí rẹfirí.
Òfin kẹrin ṣì wà níbẹ̀, tòun ti ìrù rẹ̀.

Sátidé tó kọjá, a fi góòlù kan ju Ìyìn lọ
nígbà tí fèrè ìsinmi dún.
Dípúpọ̀ wà lórí bẹ́ńṣì:
bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, ojú ló kọ́kọ́ máa ń dì.
Bàbá tó ra jẹ́sì fún wa tẹ̀ mọ́ mi létí,
"Kóòṣì, ara ọmọ yẹn kò yá. Mo gbọ́ ọ tó ń wúkọ́."
Mo yíjú. Dípúpọ̀ ti ń tú okùn bàtà rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Mo ní kó dè é padà.

Ó wọlé. Ó gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, ó já sáàárín ebè iṣu,
a wá a títí.
Ìyìn gbá méjì wọlé.
Bàbá ọ̀hún bọ́ jẹ́sì lọ́rùn ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé,
ó ní Adó ni àwọn ń lọ, níbi tí wọ́n ti mọ bọ́ọ̀lù.
Dípúpọ̀ ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́
pé bọ́ọ̀lù tòun dé orí ebè.

Mo yà sílé ìyá mi lálẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.
Ó gbọ́ ìrìn mi lẹ́nu ọ̀nà,
ó ní, "Èwo ló ń dùn ọ́ lónìí?"