Ṣúgà

Ní Naryn, òtútù a máa jí ṣáájú àkùkọ.
Èmi ni mo máa ń dá iná sítóòfù kíláàsì,
èmi náà ni mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ níwájú Aizirek,
pẹrẹsẹ, dúdú, kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ,
ojú kékeré méjì nísàlẹ̀ rẹ̀ ń wo ojú ọmọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ́ tirẹ̀,
ọrùn rẹ̀ a máa tẹ̀ bí ẹ̀ka tí yìnyín jókòó lé,
ohùn rẹ̀ kì í kọjá ọ̀nà ọ̀fun.
Ojú nìkan ni kò ya aláìgbọràn.

“Ibi tí ojú rẹ̀ bá dúró sí, ẹ̀rọ á kà á jáde.”
Burulcha mi orí. Ó ti gbọ́ ìlérí rí.
“Ṣé á pè mí ní ìyá?”
Kò wojú mi. Tíì ló ń dà sínú abọ́,
ṣíbí ṣúgà méjì, ó rò ó, ó fẹ́ ẹ,
bó ti ń ṣe láràárọ̀ látìgbà tọ́mọ ti já lẹ́nu ọmú.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá ibi tí a ó gbé e sí.
Oòrùn ojú fèrèsé ń dà á láàmú,
mo fi síkáàfù mi dí i.
Lọ́jọ́ kẹrin, ojú Aizirek gbéra.
Ó kọjá lórí àwòrán ìyá, kò dúró.
Ó kọjá lórí “ẹ ṣé” tí mo gbé sáàárín gbùngbùn
(olùkọ́ ni mí, mo fẹ́ràn ọpẹ́).
Ó sọ̀ sí igun kan, ó dúró, ó dúró,
títí ẹ̀rọ fi la ohùn,
ohùn ọkùnrin, kíki, bíi ti ọlọ́pàá ibodè:

RÁRÁ. ṢÚGÀ.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Nurdin já bọ́ lórí àga.
Burulcha kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀
bí ẹni tó bá àlejò nínú yàrá ara rẹ̀.
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́,
àwa la kò mọ̀ ọ́n kà.

Ó jáde, ó da tíì sórí yìnyín,
ihò kékeré pupa kan lu níbẹ̀.
Ó po òmíràn. Ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀,
ó yínmú.
Aizirek mu ún. Ojú rẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ.

Ó GBÓNÁ JÙ.

“Ẹ gbọ́ o,” Burulcha kígbe, omijé dé imú rẹ̀,
“ẹ wá gbọ́, ó ń bá mi jà!”