Lándílọ́ọ̀dù Ìsàlẹ̀ Ọ̀sà

Àdúrà ojúoró ni gbogbo ayé ń gbà:
kí n lékè, kí n lékè.
Èmi ò tíì gbọ́ ẹni tó ní
"Olúwa, jẹ́ kí n wà nísàlẹ̀,"
àfi ẹja kan ní Báyékù
tí kò gùn tó ìka tí mo fi ń kọ̀wé.

Àwọn apẹja ò fún un lórúkọ.
Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?
Kò kún ọwọ́, kò kún ìkòkò,
ojú àwọ̀n ló ń gbà kọjá
bí ọmọdé tó ń gba abẹ́ tábìlì níbi ìpàdé àgbà.
Bàbá mi nìkan ló sọ ọ́ lórúkọ: Lándílọ́ọ̀dù.

Iṣẹ́ bàbá mi, iyanrìn ni.
Á ti àkàbà bọ inú ọ̀sà,
á mí kanlẹ̀, á gbá báàkẹ́tì mú,
á máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń lọ sí yàrá ìsàlẹ̀
nínú ilé tí kò ní fèrèsé.
Lókè, Ṣàká ń ka iye.
Ọkọ̀ Àlájà Kúbúrátù kì í kún bọ̀rọ̀.

Ó ní òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe dúdú,
ó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.
Ọwọ́ ni ojú níbẹ̀.
Ọwọ́ ló fi mọ ọkọ̀ onírin tó rì kí wọ́n tó bí i,
tí ìkarahun ti bò bí èépá ṣe ń bo egbò,
ìṣáwùrú lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì,
edé sá pamọ́ sínú páìpù.
Ibẹ̀ ni Lándílọ́ọ̀dù ń gbé.
Lẹbẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ méjèèjì pàdé, wọ́n di abọ́ kékeré
tó fi ń di ilé rẹ̀ mú nígbà tí omi bá ń fà.
Ẹ̀ẹ̀rùn gbé iyọ̀ dé, kò kó lọ.
Òjò fọ iyọ̀ dànù, kò kó lọ.
Àwọn ẹja ńlá ni ayálégbé.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan nínú oṣù Èrèlé
(wọ́n ti lé mi nílé-ìwé nítorí owó)
ìkarahun kan bá báàkẹ́tì kẹtàdínlógún jáde.
Èmi ni mo ṣí i.
Ẹyin wà lára òrùlé rẹ̀, wínníwínní,
bí ẹni fara balẹ̀ to ìrẹsì.
Ẹja náà wà lábẹ́ wọn, ó ń fẹ́ wọn ní abẹ̀bẹ̀.
Omi ti tán, kò dáwọ́ dúró.
"Akọ ni," bàbá mi wí.
"Ìyá wọn ti lọ. Akọ ní í dúró tì wọ́n."
Kò wojú mi nígbà tó sọ ọ́.

Ṣàká ní kó jù ú sómi.
Bàbá mi ní ibi tó bá já sí kọ́ ni ilé.
Ó mí kanlẹ̀, kò mú báàkẹ́tì,
ó fi ọwọ́ kan bo ìkarahun mọ́ àyà.
Mo kà á dé àádọ́rin,
mo gbàgbé nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e.
Orí rẹ̀ yọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nímú rẹ̀.
Nírọ̀lẹ́, Àlájà yọ owó báàkẹ́tì kan.
Bàbá mi rẹ́rìn-ín: "Owó ilé ni mo san."

Ẹ̀rọ ló ń fa iyanrìn báyìí.
Páìpù rẹ̀ fẹ̀ tó ìdí àgbọn, kì í mí,
kì í béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀.
Etí bàbá mi ti di. Ó ń bi mí:
"Irin yẹn, ṣé ó ṣì wà?"
Mi ò mọ̀. Èémí mi ò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ilé tí mò ń gbé ní Ìgbógbó,
iyanrìn ọ̀sà ni wọ́n fi mọ ọ́.
Nígbà míràn lóru, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ara ògiri.
Mo rí ìkarahun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
ó há sínú sìmẹ́ǹtì, ó dé pọ̀.
Mi ò tíì kun ibẹ̀ lọ́dà.