Ọ̀rọ̀ Alágbàfọ̀ Lórí Apá Kẹrìnlá

Ẹ bá mi dín ohùn rédíò yẹn kù, mo fẹ́ sọ̀rọ̀.
Mo ti wo apá kẹrìnlá "Ilé Ìyá Dárísímí" tán,
inú mi ò dùn rárá.
Ta ló sọ fún adarí eré wọn
pé ẹni tó ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù
máa ń lẹ ìpéǹpéjú gígùn bí ìyẹ́ adìyẹ?
Ìyá mi kú ní Asùbíàró, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.
Kò ka àṣírí ìdílé kankan fún mi.
Ó ní kí n lọ kó aṣọ orí okùn, òjò ń bọ̀.

Aṣọ ni mo mọ̀.
Ogún ọdún rèé tí mo ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú
tẹ ṣòkòtò àwọn ará Òke-Baálẹ̀,
ẹ má purọ́ aṣọ fún èmi.
Délàńwá wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé wọ yàrá,
ó bá ìyàwó rẹ̀ jà, ó fi ìbínú jáde,
ṣẹ́ẹ̀tì ti di onílà,
ọrùn rẹ̀ le gbagidi, sítáàṣì tuntun!
Ta ló lọ̀ ọ́ fún un láàárín ìjà?
Ọjọ́ tí ọkọ tèmi bínú jáde,
síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin
kó tó rántí ara rẹ̀.

Àmọ́ obìnrin tó ń ṣe ìyá ọkọ yẹn,
ẹ jẹ́ kí n má parọ́, ó mọṣẹ́.
Ní apá kọkànlá, kò sọ nǹkan kan,
ó kàn ń ṣa òkúta inú ìrẹsì,
ọ̀kan, òmíràn,
mo sì mọ̀ pé ilé náà ti tú.

Ká fìyẹn sílẹ̀. Ká bọ́ sórí "Agbo Ilé Mẹ́rìndínlógún".
Wọ́n lé Mopélọ́lá jáde lọ́jọ́ Àìkú.
Kí ló ṣe? Ó sùn. Ó sùn lọ́sàn-án!
Wọ́n ní kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni du ọkùnrin.
Ẹni tí kámẹ́rà méjìlélógójì tẹjú mọ́
tó ṣì lè hanrun,
ọkàn ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́.

Jíbíkẹ́ ni Ṣìkírátù dìbò fún,
aládùúgbò mi, ògiri kan ló là wá láàárín.
Jíbíkẹ́ tó ń sunkún tí ojú rẹ̀ gbẹ bí èèkù!
Káàdì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ló sun sí i,
owó ọṣẹ tó yá lọ́wọ́ mi.
Mo sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀,
ó gbé garawa rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ omi mi.
Láti ọjọ́ náà, a ò kí ara wa.

Lánàá, apá kẹẹ̀ẹ́dógún.
Lẹ́tà wà lọ́wọ́ Délàńwá, ó ń ya ẹnu àpòòwé,
pàù! Nẹ́pà.
Gbogbo òpópónà ké "Háà!" lẹ́ẹ̀kan náà.
Mi ò ní jẹnẹrétọ̀. Ṣìkírátù ní.
Mo gbọ́ tó ń fa okùn rẹ̀,
ó kọ̀, ó tún kọ̀, ó gbà.
Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo fi etí ti ògiri.

Ohùn tẹlifíṣàn náà ròkè.
Ó tún ròkè sí i, ó kọjá ohun tí etí ẹnì kan nílò.
Ṣìkírátù fúnra rẹ̀ wá ń sọ̀rọ̀,
òun nìkan ló sì wà nínú ilé:
"Ó ti ṣí i o! Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n!
Yéè, ẹ wò ó, ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn ló tún wọ̀!"
Mo fọwọ́ bo ẹnu kó má baà gbọ́ ẹ̀rín mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fa garawa rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, mo pọn ọ́n kún.
Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí,
Jíbíkẹ́ ò mọ ẹkún sun,
owó ọṣẹ mi ńkọ́?