Kí Ọ̀bẹ Tó Kan Ara

Ìsánlú, aago márùn-ún ìdájí. Ọyẹ́ bo òkè mọ́lẹ̀.
"Ọ̀kún o," ni Dáìsí kí mi, ó ń yán bí ọmọ iléèwé.
"Ọ̀kún. Bọ́ bàtà òde sílẹ̀.
Wọ tiwa."

Wọ́n ní orí ọ̀bẹ ni iṣẹ́ abẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni.
Ìdí ògiri ni, níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà.
Mo máa ń fọwọ́ tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin
bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ:
ibi tí eku jẹ, ibi tó wú,
ibi tí ẹnìkan fi sẹ́lótéèpù dí lálẹ́ àná
tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Èyí tó bá kọ mí lóminú, mo yọ ọ́. N kì í bá a jiyàn.

Ó kan sílíńdà ọ́síjìn.
Má wo àwọ̀ rẹ̀ nìkan, Dáìsí; ọ̀dà lè parọ́.
Ka ohun tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn.
Abẹ́rẹ́ gééjì ńkọ́? Ó ti sún mọ́ pupa.
Èyí á gbé wa dé ìdajì ọ̀nà,
inú igbó sì ni ìdajì ọ̀nà máa ń wà.
Gbé èkejì wá. Fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ ògiri.
Má fi òróró kan ẹnu rẹ̀ láéláé:
òróró àti ọ́síjìn, iná ni wọ́n fi ń kí ara wọn.

Ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀: tàn án, fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà.
Bó bá fà ọ́ bí ọmọ tuntun ṣe ń fa ọmú, ó yè.
Bó bá ń mí lásán, tú u, wo ìdérí ìgò.

Irin pẹlẹbẹ yìí, jókòó kí n sọ tirẹ̀.
Ọdún kẹta tí mo débí, ọkùnrin Ìdọ́fin kan wá gé ìpá.
Wọ́n ń kán mi lójú. Mo lẹ irin mọ́ itan rẹ̀,
n kò fá irun, n kò nu òógùn,
igun kan ká sókè bí ewé gbígbẹ.
Ọ̀bẹ iná gé ibi tó yẹ kó gé,
ó sì jó ibi tí ẹnikẹ́ni kò rán an.
Ìpá san. Itan gba oṣù mẹ́ta.
Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, ó gbé iṣu mẹ́rin fún mi.
N kò lè jẹ ẹ́.

Dókítà Tòlúhì já wọlé. Wọ́n ń gbé aboyún bọ̀ lẹ́yìn,
ọmọ dábùú nínú rẹ̀.
"Màmá, ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."
"Kò tíì tó, sà. Ó ku jẹnẹrétọ̀."
Ojú rẹ̀ le. Mo mọ ojú yẹn; mo ti jìyà rẹ̀ rí.
Mo fọwọ́ ara mi pa iná ìjọba.
Òkùnkùn. Mo ń kà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta…
bátìrì ẹ̀rọ gbé iná kékeré tirẹ̀ dání…
ẹ̀jọ, ẹ̀sán,
jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó gbà á.
"Ó yá, sà."

Láàárín iṣẹ́, iná ìjọba lọ, bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.
Dókítà kò tilẹ̀ gbójú sókè.
Ọmọ ké. Obìnrin ni.
Ṣùgbọ́n a kò tíì rán ikùn:
ogún gọ́ọ̀sì ló wọlé, mọ́kàndínlógún ni mo kà.
Mo tún un kà. Mọ́kàndínlógún.
Gbogbo ọwọ́ dúró,
títí mo fi rí ogún lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ Dáìsí,
ó lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀.
Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀kùn fi tì.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kò tilẹ̀ kí mi.
Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá a nídìí ògiri,
ó ń fọwọ́ tọ wáyà, díẹ̀díẹ̀,
bàtà òde ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.