Páìpù Méje

Ogójì páìpù ni ìwé wí.
Méje ni mo kà lẹ́yìn ọkọ̀, ní Fókò,
òjò ń dún lórí páànù.
Ọ̀gá Adégbẹ̀san na báírò sí mi:
“Láníhún, fọwọ́ sí i.
Òyìnbó ò ní í padà wá kà á.”

Mo fọwọ́ sí i.
Owó ilé ìwé ọmọ mi ò tíì pé.

Ẹ̀rọ omi ọ̀hún ṣì dúró, ọ̀dà rẹ̀ ń dán,
orúkọ ìlú tó ta wá lọ́rẹ wà lára rẹ̀ gàdàgbà.
Ewúrẹ́ ló ń fi í họra.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Sálámótù gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá,
ó ń lọ sódò Kúdẹtì.
“Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé.”

Mo ti kọ lẹ́tà. Méje ni mo kọ.
Nínú orúkọ àwọn olè, tèmi ló ṣáájú.
Ó ku sítáǹbù.