Ẹ̀yìn Ìwé

Ní Tartu, lájà kẹta ilé ìṣirò owó wa,
oòrùn Oṣù Kejìlá kì í yọjú títí aago mẹ́sàn-án fi kọjá;
aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ti ń palẹ̀ mọ́
bí àlejò tí a kò fi omi lọ̀.
Nítorí náà iná wa kì í kú:
iná orí tábìlì, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀,
iná yàrá ìpàdé tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀,
iná ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń tàn fún ògiri nìkan.

Urmas, ará ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ní ooru ń mú òun.
Dípò kó dín ẹ̀rọ amúlégbóná kù,
fèrèsé ló ń ṣí sílẹ̀ gbayawu,
àwa wá ń dáná fún títì yá,
àti fáwọn ẹyẹlé orí òrùlé.

Èmi náà ńkọ́?
Èmi tí mò ń tẹ gbogbo máìlì sórí ìwé.
"Ẹ ṣeun." Ọ̀rọ̀ méjì péré,
ojú ìwé kan gbáko.

Heljo ní ń gbálẹ̀ fún wa nígbà tí a bá ti lọ.
Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.
Àpò aṣọ aláwọ̀ búlúù kan ló máa ń gbé kọ́ apá.
A ṣe bí oúnjẹ ló wà ńbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú Oṣù Kìíní
mo bá ìwé pélébé kan lórí kọ̀ǹpútà mi.
Òwú pupa ni wọ́n fi rán an lẹ́gbẹ̀ẹ́,
etí rẹ̀ gún régé bí ẹni fi abẹ gé e.
Mo ṣí i, òfìfo.
Mo yí i padà, ọ̀rọ̀ mi rè é:
"Ẹ ṣeun", "Mo ti rí i", "Ẹ ṣeun",
àti ìṣirò kan tí mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí kọ́mà.
Ojú tì mí bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Kálukú ló rí tirẹ̀ gbà. Urmas gba mẹ́rin.
Pilvi, ọ̀gá wa, gba mọ́kànlá. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo dúró de Heljo lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó ní: "Agégi ni bàbá mi, nínú igbó Võru.
Ọjọ́ tó bá gé àgbà igi,
kì í fọwọ́ kan oúnjẹ
kó tó ka òrùka inú rẹ̀ tán:
ọgọ́rin, àádọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún.
Èmi náà ń ka tiyín ni."
Ó gbọn aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ewé. Ìwé.
Fáwẹ̀lì kan ló yí padà, ohùn kan ló wálẹ̀,
igi kan sì ti wó láàárín wọn.

N kò ní purọ́ pé ayé ti dọ̀tun.
Urmas ń dín ooru kù báyìí, àfi bó bá gbàgbé,
ọjọọjọ́ Ẹtì ló sì ń gbàgbé.
Tarvo ṣì ń ra kọfí inú ife ìsọnù,
abẹ́ kóòtù ló ń fi í pamọ́ sí wọlé.
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kẹ́yìn jáde ní ń paná.
Alẹ́ àkọ́kọ́, a dúró nísàlẹ̀, a gbójú sókè:
fèrèsé wa dúdú bí inú agbada.
Ìgbà náà la tó rí i
pé yìnyín ilẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀.

Ewì yìí, ẹ̀yìn ìwé owó-orí èṣí ni mo kọ ọ́ sí.
Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀,
ẹ ó rí iye gbèsè tó wà lọ́rùn wa
tó ń yọjú láàárín ọ̀rọ̀.