Ìka Mẹ́rin

Èmi Bódog, agéyìnyín létí odò Dánúbì,
èmi ni wọ́n bi léèrè láàárọ̀ ọjọ́ náà.
Olùkọ́ ọmọ ọba dúró nínú ẹ̀wù onírun, ó ní:
"Ṣé odò ti dì tó?"
Mo gbẹ́ ihò kan ní bèbè, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Ìka mẹ́rin. Mo ní, "Ó lè gbé ọmọdé."
N kò dé àárín odò. Òtútù ń mú mi, ebi ń pa mí,
Orsika àbúrò mi sì ti gbé ọbẹ̀ kábéèjì kaná.

Lénárt ni wọ́n ń pe àrẹ̀mọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni.
Ó fún mi ní ápù tó ti gé jẹ lẹ́ẹ̀kan,
ó fi èdè àwa ará odò kí mi, ó ṣì í pè, ó rẹ́rìn-ín.
Ta ló kọ́ ọ, nínú ààfin tí wọn kì í ti í sọ ọ́?

Ariwo kọ́ ni mo gbọ́. Ohun tó dún kò ju
ìgbà téèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná lórí orókún.
Mo sáré. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yìnyín
bí ẹni tó ń kí ọba. Mo na ọ̀pá ìwọ̀ mi.
Ìbọ̀wọ́ pupa kan ló bá ìwọ̀ náà jáde.

Àbúrò rẹ̀ ló gorí ìtẹ́, ẹni tó fẹ́ràn kàkàkí ju ìwé lọ.
Ó fòfin de èdè wa nílé ẹ̀kọ́ àti ní kóòtù.
Lọ́dún keje, àwọn ará òkè ṣọ̀tẹ̀;
lọ́dún kọkànlá, àwọn ará èbúté tẹ̀ lé wọn.
Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un.
Èyí jó, olúkúlùkù ṣa bíríkì tirẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí Orsika sùn ní òdìkejì odò.
Kí n tó lè tu koríko orí sàárè rẹ̀,
mo ní láti fìwé han sójà tí kò tíì hu irùngbọ̀n,
kó tẹ òǹtẹ̀ lù ú, kó bi mí: "Kí lo ń wá níbí?"

Lóru, mo máa ń bá àwọn akọ̀wé ìtàn jiyàn nínú ọkàn mi.
Wọ́n ní owó-orí ló fọ́ ilẹ̀ ọba, wọ́n ní ọkà ló wọ́n.
Bóyá. Ṣùgbọ́n lórí odò mìíràn tí èmi nìkan mọ̀,
mo rìn dé àárín. Mo gbẹ́ ihò kejì. Ìka méjì péré.
Mo ní, "Ẹ padà sílé, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."
Ọmọ náà sunkún, ó pè mí ní òpònú lédè wa,
ó pè é dáadáa lọ́tẹ̀ yìí.
Ó dàgbà, orí rẹ̀ pá, ó ṣe òfin tó ń sú ni,
ó kọ́ afárá onígi kan tí gbogbo èèyàn ń bú nítorí owó ibodè,
Orsika sì ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Sátidé
pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, láìfi ìwé han ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gìnnìtìn tún ti dé. Àwọn ọmọ kan bi mí lánàá:
"Bàbá, ṣé odò ti dì tó?"
Mo gbé àáké. Àárín ni mo kọ́kọ́ lọ.